Ìsọ̀ àti Ìkiri Lórí Ayélujára: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọ̀dọ́ Oníṣòwò Àdìrẹ

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọlọ́jà ilẹ̀ Yorùbá ń gbà tajà láti ìgbà pípẹ́ wá: ìsọ̀, èyí tí ó jẹ́ ojúkò kan pàtó tí oníbàárà mọ̀ pé òun yóò ti bá ọjà, àti ìkiri, níbi tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ti ń gbé igbá rẹ̀ káàkiri àdúgbò, tí ó sì ń fi ohùn polówó ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ni ó wà lórí ayélujára lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ oníṣòwò kì í ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àkọsílẹ̀ orí máàpù Google, àti ti àwọn ìkànnì ọjà bíi Jiji tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2014, ni ìsọ̀. Àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ bíi Facebook, Instagram, TikTok àti ‘status’ WhatsApp ni ìkiri. Ẹni tí ó tẹ ‘adire Abeokuta’ sínú fóònù rẹ̀ ti ń wá aṣọ ná, ó sì ṣeé ṣe kí owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí fídíò aṣọ ṣàdéédé bá níbi tí ó ti ń wo àwàdà kò tíì pinnu ohunkóhun. Síbẹ̀, orí ẹni kejì yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ń ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò àti détà wọn sí, tí wọ́n á sì fi ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ó máa wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni èyí. Ìsọ̀ ni ó yẹ kí ọlọ́jà kọ́kọ́ tò, kí ó tó gbé igbá lọ fún ìkiri.

Òwò àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, Abẹ́òkúta, fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ìsọ̀ fara kan ìsọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, lè jókòó ti ẹlòmíràn tí iṣẹ́ wọn jọra, kí ẹni tí ń ta oníko, èyí tí wọ́n fi ìko dì, sì wà ní ọ̀kánkán àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó ti Èkó wá kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù tí ó ń wá aṣọ ẹbí kò sì lè fẹsẹ̀ rìn wá wò ó. Yàtọ̀ sí èyí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí wọ́n kàn ya àwòrán àdìrẹ sí lára, ti gba àárín ọjà, wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú tí iṣẹ́ ọwọ́ kò lè bá dọ́gba. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ìpolówó aláró òde òní ní láti ṣe pọ̀: kí oníbàárà rí ibi tí ó wà, kí ó sì gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ni òun ń fi owó òun rà.

Àkọsílẹ̀ orí Google ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́. Google My Business ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2014, ó sì di Google Business Profile ní ọdún 2021. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí ó bá pe ọlọ́jà lórí fóònù pé Google ní kí òun gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ má baà pa rẹ́, oníjìbìtì ni. Kí àkọsílẹ̀ náà tó hàn sí gbogbo ayé, Google yóò béèrè ẹ̀rí pé òwò náà wà lóòótọ́, ẹ̀rí yìí sì sábà máa ń jẹ́ fídíò tí wọn kò gé tí wọn kò sì lẹ̀, èyí tí yóò fi òpópónà hàn, àti pátákó orúkọ, àti ọjà inú ìsọ̀, àti ohun tí ó jẹ́rìí pé ẹni náà ní àṣẹ níbẹ̀, irú bí kọ́kọ́rọ́ tí ó fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò tíì kọ pátákó, kí ó lọ kọ ọ́ ná. Ẹni tí ó ń rán aṣọ tàbí tí ó ń se oúnjẹ nínú ilé rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí àlejò máa já wọlé, lè fi àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ pamọ́, kí ó sì to orúkọ àwọn àdúgbò tí ó ń ṣiṣẹ́ dé, tí kò gbọ́dọ̀ ju 20 lọ.

Google ti ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta ni òun ń wò kí òun tó mọ òwò tí yóò kọ́kọ́ jáde: bí ó ṣe bá ohun tí ènìyàn ń wá mu sí, bí ó ṣe jìnnà sí ẹni náà tó, àti bí òkìkí rẹ̀ ṣe tó. Kò sí ohun tí ọlọ́jà lè ṣe sí ìjìnnà, ṣùgbọ́n àwọn méjì yòókù kò kọjá agbára rẹ̀. Láti bá ohun tí àwọn ènìyàn ń wá mu, kí ó yan ẹ̀ka iṣẹ́ tí ó bá tirẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ó má ṣe kọ ‘ilé ìtajà’ lásán nígbà tí aṣọ ni ó ń tà, kí ó sì lo àyè àlàyé, tí kò gba ju lẹ́tà àti àmì 750 lọ, láti fi ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń tẹ̀ gan-an sí i. Oníbàárà kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí ó bá ń wá nǹkan lórí fóònù, òmíràn kò sì ní mọ̀ ju ‘tie and dye’ lọ. Kí aláró kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kí ó sì tún kọ ọ́ bí ó ti tọ́. Ṣùgbọ́n inú àlàyé ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà. Àyè orúkọ kò gba ju orúkọ tí ó wà lára pátákó lọ, torí ẹni tí ó bá fa orúkọ rẹ̀ gùn, tí ó fi ‘àdìrẹ tí ó dára jù tí ó sì pọ̀ jù ní Abẹ́òkúta’ kún un, rú òfin Google, wọ́n sì lè pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ tì lọ́jọ́ tí ó nílò rẹ̀ jù lọ.

Ní ìlú tí nọ́ńbà ilé kò tẹ̀léra, àdírẹ́ẹ̀sì nìkan kì í mú ènìyàn dé ibi tí ó ń lọ. Kí ọlọ́jà dúró sẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àmì orí máàpù wá sí ojú ibẹ̀ gan-an, kí ó sì ya fọ́tò ọ̀nà láti ẹnu títì títí dé ìsọ̀, kí àlejò tí ó bá dé lè máa fi ohun tí ó ń rí wé ohun tí ó wà lórí fóònù rẹ̀. Kí ó tún wákàtí iṣẹ́ ṣe nígbà ọdún Iléyá àti Kérésìmesì, nítorí pé ẹni tí ó wakọ̀ láti Èkó wá bá ilẹ̀kùn títì kò ní padà wá mọ́. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu níbi gbogbo. Bí ó bá jẹ́ ‘Ìyá Ìbejì Aláró’ lórí Google, tí ó di ‘IB Fabrics’ lórí Instagram, tí nọ́ńbà tí ó wà lórí Jiji sì ti kú láti ọdún tí ó kọjá, oníbàárà yóò rò pé ènìyàn mẹ́ta ni, kò sì ní fọkàn tán ẹnì kankan nínú wọn.

Ohun tí ó ń gbé òkìkí ró jù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tí wọ́n ti rajà fi ẹnu ara wọn sọ, pẹ̀lú ìràwọ̀ 1 sí 5 tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà a máa tijú láti béèrè fún un, ṣùgbọ́n ìtìjú ibẹ̀ kò nídìí: ẹni tí ó gba aṣọ rẹ̀ tí inú rẹ̀ dùn, kí ọlọ́jà fi ìlujá ojú ewé náà ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an, kí ayọ̀ náà tó tutù. Èènì ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra fún níhìn-ín. Àṣà tí ó dára ni kí a fi èènì sí ọjà fún oníbàárà, kò sì sí ẹni tí yóò bá ọlọ́jà wí fún un, àmọ́ tí ó bá ti di pé èènì náà dúró lórí ìràwọ̀ 5, ó ti di ẹ̀rí tí a fi owó rà, Google sì kà á léèwọ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú náà yóò wá ṣá. Kí ọlọ́jà dá a lóhùn ní gbangba pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, kí ó sọ ohun tí òun yóò ṣe, kí ó sì ṣe é, nítorí pé àwọn tí wọn kò tíì rajà ni yóò ka ìdáhùn náà jù, ohun tí wọ́n sì ń wò níbẹ̀ ni ìwà ọlọ́jà nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Tí ìsọ̀ bá ti dúró, ìkiri kàn. Ní ti àdìrẹ, iṣẹ́ àwòrán ni ìyá gbogbo ìpolówó, kì í sì í ṣe fóònù olówó gọbọi ni ó ń mú un dára. Ìmọ́lẹ̀ iná inú ṣọ́ọ̀bù a máa yí àwọ̀ èlú padà lójú kámẹ́rà. Abẹ́ òjìji ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, níta gbangba, ni ó yẹ kí aṣọ wà. Kí aláró ya ojú aṣọ, kí ó sì ya ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń ṣá lẹ́yìn, àwòrán ẹ̀yìn yìí sì ń jà fún oníṣẹ́ ọwọ́ ju ariwo ẹnu lọ. Fídíò kúkúrú tí ó fi ọwọ́ aláró hàn níbi tí ó ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, tàbí níbi tí aṣọ ti ń jáde láti inú ìkòkò aró pẹ̀lú àwọ̀ ewé tí ó sì ń di búlúù bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i, kò nílò orin tàbí ijó kankan; ìyípadà náà tó ìran wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní irú ìran bẹ́ẹ̀ nínú àgbàlá wọn, síbẹ̀ ijó tí gbogbo ayé ń jó ni wọ́n ń ṣe àfarawé rẹ̀.

Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ọlọ́jà kọ irú àdìrẹ tí ó jẹ́, irú aṣọ tí wọ́n rẹ, iye yáàdì rẹ̀, bí wọn yóò ṣe máa fọ̀ ọ́, àti iye owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iye owó yìí ń fa àríyànjiyàn. Àwọn kan gbà pé tí a bá ní kí ènìyàn wá béèrè ní kọ̀rọ̀, yóò dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí ó lè di òwò, ṣùgbọ́n èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: abala 115 nínú Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, ní kí ẹni tí ó bá pàtẹ ọjà fún títà fi iye owó rẹ̀ hàn, oníbàárà tí kò bá sì rí iye owó a máa rò pé wọ́n fẹ́ wo ojú òun kí wọ́n tó dá a lé òun ni. Kíkọ iye owó kò pa dúnàádúrà. Ó kàn ń dá ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọjà padà láìfi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò.

WhatsApp ni ibi tí òwò ti ń parí. WhatsApp Business, tí ó jáde ní ọdún 2018, yàtọ̀ sí ti gbogboògbò nítorí pé ó ní àyè tí ọlọ́jà lè to ọjà rẹ̀ sí pẹ̀lú àwòrán àti iye owó, àti ìkíni tí ó ń dá ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọ̀wé lóhùn kódà nígbà tí ọlọ́jà ń sùn. Ìwé ìkéde rẹ̀, èyí tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ènìyàn 256 láìkó wọn jọ sínú ẹgbẹ́, kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà ọlọ́jà pamọ́ sínú fóònù rẹ̀. Nítorí ìdí èyí, kí oníbàárà tó kúrò ní ìsọ̀, kí ọlọ́jà fi sùúrù bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi nọ́ńbà náà pamọ́. Kíkó nọ́ńbà àwọn ènìyàn láti inú ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ti ìdílé, kí a sì tì wọ́n sínú ẹgbẹ́ ọjà, ìwà àìmọ̀wàáhù ni, láti ìgbà tí Òfin Ìdáàbòbò Détà sì ti jáde ní ọdún 2023, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ìwà nìkan.

Ní ti ìpolówó olówó lórí Facebook àti Instagram, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: kí ọlọ́jà fi owó kékeré dán an wò, kí ó yan ìlú tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń wá, kí ó sì bi gbogbo ẹni tí ó bá rajà léèrè ibi tí ó ti gbọ́ nípa òun, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Iye àwọn tí ń tẹ̀lé ojú ewé kò san owó ilé rí. Iye àwọn tí wọ́n pè àti iye àwọn tí wọ́n béèrè ọ̀nà, èyí tí Google ń fi han olówò lọ́fẹ̀ẹ́, ni ó súnmọ́ ohun tí ó ń wọ àpò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe di gbogbo ẹrù rẹ̀ lé ìkànnì kan lórí. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ìjọba Nàìjíríà sì ti Twitter pa láti oṣù kẹfà ọdún náà títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹni tí ó ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé lè tẹ̀ wọ́n láago ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn ọ̀gá kì í rántí títí ọmọ iṣẹ́ yóò fi gba òmìnira, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní fírídọ̀mù. Nítorí pé ọmọ iṣẹ́ ni ó mọ fóònù lò jù, òun ni wọ́n sábà máa ń ní kí ó ṣí ojú ewé, òun náà a sì fi ímeèlì àti nọ́ńbà tirẹ̀ ṣí i; ní ọjọ́ tí ó bá lọ, ìsọ̀ orí máàpù, ìràwọ̀ ọdún púpọ̀ àti gbogbo àwòrán a bá a lọ, láìjẹ́ pé ó jalè. Orí orúkọ olówò gan-an ni ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ wà, kí ọmọ iṣẹ́ sì jẹ́ alábòójútó tí ipò náà ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ kóòdù onínọ́ńbà 6 tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́. Kí ọjọ́ òmìnira tó pé, kí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ jọ jókòó, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn alábòójútó, kí wọ́n yí páásíwọ́ọ̀dù padà, kí wọ́n sì fi fóònù ẹlòmíràn pe nọ́ńbà tí ó wà lórí àkọsílẹ̀ náà, láti mọ̀ bóyá inú ìsọ̀ ni yóò ti dún.