Ṣé Owó Gọbọi Lè Sọ Sinimá Àtijọ́ Di Ọ̀tun?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní òru ọjọ́ kan tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan náà jiyàn títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ohun tí ó dá iyàn náà sílẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ sinimá lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kò sí sinimá àtijọ́ tí a kò lè tún ṣe kí ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí owó bá ti wà. Èmi ní irọ́ ni, pé owó a máa ra aṣọ tuntun, ṣùgbọ́n kì í ra àkísà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé àwa méjèèjì kàn ń pariwo ni, ẹnikẹ́ni nínú wa kò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Èyí ni ó mú mi jókòó tì í, tí mo sì gbé ohun tí mo rí wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa.

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà ṣe é

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tí ń ṣe sinimá ń gbà sọ ti àtijọ́ di tuntun. Èkíní ni kí wọ́n tún ìtàn kan náà sọ pẹ̀lú òṣèré mìíràn. Èkejì ni kí wọ́n ṣe bí ẹni pé wọn kò ṣe ìtàn náà rí, kí wọ́n nu ojú pátákó, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n mú ìtàn náà níbi tí ó dúró sí, kí wọ́n gbé e lé ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ àwọn ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye owó tí a ń gbọ́ tàn yín jẹ. Owó tí sinimá bá pa kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣe é nìkan. Àwọn ilé sinimá tí ó fi í hàn ń mú tiwọn nínú rẹ̀, ó sì máa ń tó ìdajì nígbà púpọ̀. Owó ìpolówó tún wà lọ́tọ̀, wọn kì í kà á mọ́ owó tí wọ́n fi ṣe é. Nítorí náà, sinimá tí ó bá ná mílíọ̀nù dọ́là 100 gbọ́dọ̀ pa tó ìlọ́po méjì rẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí olówó rẹ̀ tó lè mí kanlẹ̀.

Àpẹẹrẹ láti Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo Ben-Hur. Ará Amẹ́ríkà kan, Lew Wallace, ni ó kọ ìtàn náà ní ọdún 1880. Ní ọdún 1925 wọ́n fi ṣe sinimá tí kò ní ohùn. Ní ọdún 1959, William Wyler tún un ṣe, Charlton Heston sì ni olú òṣèré rẹ̀. Ti 1959 yìí gba ẹ̀bùn Oscar 11, kò sì sí sinimá kan tí ó gbà ju iye náà lọ títí di òní. Ẹ ṣàkíyèsí pé èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ojúlówó yìí, àtúnṣe ni òun náà. Ní ọdún 2016 wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ná bí mílíọ̀nù dọ́là 100 lé e lórí, gbogbo ohun tí ó sì pa káàkiri àgbáyé kò ju bíi mílíọ̀nù 94 lọ. Ọ̀fọ̀ gbáà ni.

Kí ló dé tí àtúnṣe kan fi là, tí èkejì sì rì? Èrò tèmi ni pé ti 1959 ní ohun tí ti 1925 kò lè ní: ohùn ènìyàn, àwọ̀ mèremère, ojú àwòrán tí ó fẹ̀ bí pápá. Ṣùgbọ́n kí ni ti 2016 mú wá? Ọgbọ́n kọ̀ǹpútà ni, èyí tí àwọn òǹwòran ti ń rí nínú sinimá mẹ́wàá mìíràn lọ́dún kan náà.

Àpẹẹrẹ kejì ni Ghostbusters, tí Ivan Reitman darí ní ọdún 1984. Àwọn ọkùnrin tí ń lé iwin ni ó wà nínú rẹ̀, ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní ọdún 2016, Paul Feig gba ọ̀nà kejì: ó nu ojú pátákó, ó sì fi obìnrin mẹ́rin dípò àwọn ọkùnrin náà. Mílíọ̀nù dọ́là 144 ni wọ́n ná, ó pa bíi mílíọ̀nù 229, wọ́n sì tún pàdánù. Kí á má purọ́, àwọn kan ti ń bú sinimá náà kí wọ́n tó fojú kàn án, nítorí pé obìnrin ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi àwọn òṣèré náà rárá. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀. Àwọn àgbà òṣèré ti 1984 fara hàn nínú sinimá tuntun yìí, ṣùgbọ́n bí àjèjì ni wọ́n ṣe fara hàn, pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn pàdé bàbá rẹ̀ lọ́jà, tí bàbá náà sì kọjá lọ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ní ọdún 2021, Jason Reitman, ọmọ bíbí Ivan Reitman, gba ọ̀nà kẹta. Àwọn ọmọ-ọmọ Egon Spengler, ọ̀kan nínú àwọn alélèwin ìjọ́sí, ni ó fi ṣe olórí ìtàn. Harold Ramis tí ó ṣe Egon ti kú ní ọdún 2014, nítorí náà ọ̀fọ̀ tòótọ́ wà nínú ìtàn náà. Mílíọ̀nù dọ́là 75 péré ni ó ná, ìyẹn bí ìdajì ti 2016, ó sì pa ju mílíọ̀nù 200 lọ ní àkókò tí àrùn Kòrónà kò tilẹ̀ tíì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn padà sí ilé sinimá.

Bí mo ti dé ibí yìí ni mo rò pé mo ti borí ọ̀rẹ́ mi. Mo sọ fún un pé gbogbo ẹni tí ó bá nu ojú pátákó ni yóò ṣubú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Batman ńkọ́?" Ẹnu mi wọ̀. Ní ọdún 1997 Batman & Robin jáde, àwọn ènìyàn sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 2005 Christopher Nolan nu gbogbo rẹ̀ nù, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe ọkùnrin náà. Bíi mílíọ̀nù dọ́là 150 ni ó ná, ó pa ju 350 lọ. Èyí tí ó sì tẹ̀lé e ní ọdún 2008 pa ju bílíọ̀nù kan lọ.

Ó gbà mí ní ọjọ́ bíi mélòó kan kí n tó rí ìdí rẹ̀. Ibi tí ó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe. Ilé Batman ti ń jò, gbogbo ènìyàn sì rí i. Ẹni tí ó bá wó o láti tún un kọ́, ọpẹ́ ni a ó dá fún un. Ṣùgbọ́n ilé Ghostbusters kò jò lójú àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí ó bá wó irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó tó fi bíríkì kan lé òmíràn ni ìjà yóò ti dé.

Ohun tí àlọ́ ti kọ́ wa

Àwa ọmọ Yorùbá kò yẹ kí á ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Ta ni kò mọ bí àlọ́ Ìjàpá yóò ṣe parí nínú àwọn ọmọ tí ó jókòó yí ìyá àgbà ká? Síbẹ̀ wọ́n á ní kí ó tún un pa. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mọ òpin ìtàn, ègbè ni wọ́n fẹ́ gbè. Apàlọ́ lè fi ohun tuntun kún un, ó lè mú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti tẹlifóònù wọ inú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá yọ orin àlọ́ náà kúrò, àwọn ọmọ á ní kì í ṣe èyí ni àwọn bèèrè. Mo rí i pé gbogbo ìtàn tí ènìyàn fẹ́ràn ni ó ní ègbè tirẹ̀, yálà orin ni, yálà ìwà olórí ìtàn ni. Iṣẹ́ ẹni tí yóò tún un ṣe ni kí ó wádìí ibi tí ègbè náà wà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó.

Nílé wa ńkọ́?

Ní ọdún 1992, Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò. Kí ó tó ṣe èyí, fídíò Yorùbá ni ó ti ń náwó lé lórí, nítorí náà a lè sọ pé nínú agbo tiwa ni ó ti kọ́ ọ̀nà. Ìtàn Andy, tí ó fi ìyàwó rẹ̀ Merit ṣòògùn owó, ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2019, Ramsey Nouah darí Living in Bondage: Breaking Free. Nnamdi, ọmọ Andy, ni ìtàn náà dá lé lórí, Andy fúnra rẹ̀ sì ti di oníwàásù. Kenneth Okonkwo tí ó ṣe Andy nígbà náà lọ́hùn-ún ni ó tún ṣe é.

Èmi àti ìyá mi ni a jọ wo èyí nílé ní ọdún 2020. Ọmọ ilé-ìwé ni ìyá mi nígbà tí ó wo ti àkọ́kọ́ nínú fídíò aládùúgbò wọn, kò gbọ́ Ìgbò, ìwé òyìnbó tí ń kọjá nísàlẹ̀ àwòrán ni ó ń kà. Bí Okonkwo ti yọjú ni ó pariwo pé, "Háà, Andy nìyí! Orí rẹ̀ ti funfun!" Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní, "Èmi náà ti dàgbà nìyẹn." Èmi tí n kò wo ti àkọ́kọ́ rí gbádùn ìtàn Nnamdi bí ìtàn tuntun. Ìyá mi gbádùn rẹ̀ bí ìròyìn láti ilé. Sinimá kan ṣoṣo ni ó ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Èyí ni mo rò pé a fi ń mọ àtúnṣe tí ó yege.

Ti Glamour Girls kò rí bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 1994, àtúnṣe rẹ̀ sì jáde lórí Netflix ní ọdún 2022. Aṣọ ìgbàlódé pọ̀ nínú rẹ̀, ilé ńlá pọ̀, ènìyàn púpọ̀ sì wò ó. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ọ̀pọ̀ rò ni pé ìtàn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá fàájì. Bàbá mi a máa sọ ìtàn Aiyé tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní ọdún 1979 bí ẹni pé àná ni ó wò ó. Èmi kò rí i rí. Ó dá mi lójú pé lọ́jọ́ kan, olówó kan yóò fẹ́ tún Aiyé tàbí Jáyésinmi ṣe. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí wọ́n má sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì nítorí ọjà òkèèrè. Ti 1992 jẹ́ Ìgbò, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn inú ti 2019. Mo gbádùn rẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ mo rò ó pé ọmọ Ìgbò kan lè wà ní yunifásítì mìíràn tí inú rẹ̀ kò dùn sí èyí.

Àwọn kan yóò sọ pé owó ńlá kò lè bá èdè wa rìn. Ẹ wo Ẹlẹ́ṣin Ọba tí ó jáde ní ọdún 2022. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní àárín àwọn ọdún 1940 ni gbòǹgbò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ ti fi ṣe eré Ọba Wàjà ní ọdún 1964. Wọlé Ṣóyínká kọ tirẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde ní ọdún 1975. Nígbà tí Bíyì Bándélé sọ ti Ṣóyínká di sinimá, Yorùbá ni ó fi sí àwọn ènìyàn wa lẹ́nu, ó sì dé Toronto àti Netflix bẹ́ẹ̀. Owó kò lé èdè jáde, ó tilẹ̀ mú un padà wálé ni.

Ìkádìí

Ní ṣókí, ìdáhùn mi ni pé sinimá àtijọ́ tí a fi owó gọbọi tún ṣe lè yege, bí ó bá ní ohun tí ti àkọ́kọ́ kò ní, bí kò bá wó ilé tí kò jò, tí kò sì yọ ègbè kúrò nínú àlọ́. Lójú tèmi, èdè Yorùbá ni ègbè Aiyé. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ilẹ̀ wa, àwa tí à ń kọ́ èdè yìí ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ka èyí fún ọ̀rẹ́ mi kí n tó fi í ránṣẹ́ sí olóòtú. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé pé àkísà àgbà, aṣọ tuntun ni lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. N kò rí èsì fọ̀ ọ́.