Mítà RPM Tó Ń Purọ́ Lè Pààyàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Bí mítà RPM tó wà níwájú yín, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bá ń sọ ohun tí ẹ́ńjìnnì kò ṣe, ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn bọ́ sí títì. Ẹ má sọ pé ibi tí ẹ ń lọ kò jìnnà, pé láti Fọlágbadé dé iwájú ààfin Awùjalẹ̀ náà ni. Ibẹ̀ gan-an ni èrò pọ̀ sí.

Mo mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń le. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí ayẹyẹ Ojúde Ọba tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta rẹ̀ ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Èkó àti òkè òkun. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi Mercedes 230E sílẹ̀ fún á ní kí wọ́n ká tapólì kúrò lórí rẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n kùn ún kó máa dán. Ẹni tó ní Peugeot 504, irú èyí tí ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, náà á fẹ́ gbé tirẹ̀ jáde. Èmi ò bá wọn jà. Ọkọ̀ tó lẹ́wà ni, ó sì yẹ ká rí i. Ohun tí mo ń bá jà ni pé ara ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń tún ṣe dáadáa. Tó bá di ti dáṣíbọ́ọ̀dù, ohunkóhun tó bá ṣáà ti wọ ojú ihò ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kó yé yín bí irọ́ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mítà yìí kò rí ẹ́ńjìnnì rárá. Iná tó ń já tó ń dé lẹ́nu kọ́ìlì ló ń kà. Nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì ni iná yẹn ń ṣẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan. Nínú onísílíńdà mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ẹnì kan á wá lọ sí ọjà Ládípọ̀ tàbí Òwódé Onírin ní Èkó, á ra mítà tí wọ́n yọ lára 280E onísílíńdà mẹ́fà, á sì gbé e sínú 230E tó jẹ́ onísílíńdà mẹ́rin. Ojú wọn jọra, abẹ́rẹ́ ń lọ ó ń bọ̀, inú oníkálukú dùn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí 4,500 ní ìṣẹ́jú kan, 3,000 ni mítà á sọ. Bó bá sọ 4,000, ẹ́ńjìnnì ti dé 6,000, ẹni tó ń wà á sì rò pé òun ṣì ń rọra ṣe é.

Ọ̀pọ̀ á ní owó ni yóò bá a lọ: kí kọ́ńrọ́ọ̀dù já, kí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ míràn. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ tíróótù. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì máa yí bí 900. Mítà onírọ́ á sọ pé 600 ni. Mẹkáníìkì wò ó, ó ní ẹ́ńjìnnì yìí ti lọ sílẹ̀ jù, ó fi síkúrùdíráfà yí i sókè títí abẹ́rẹ́ fi dúró lórí 900. Ẹ́ńjìnnì ti wà lórí 1,350 nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ọ̀tọ́mátíìkì, tí wọ́n ti jíà rẹ̀ sí D, á máa fẹ́ já lọ, bíréèkì nìkan ló dá a dúró. Kí ọ̀gá tó jókòó sídìí sitíárì wá gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí bíréèkì kó lè fa agbádá rẹ̀ sókè, ọkọ̀ á ti já lọ nìyẹn. Àwọn wo ló wà níwájú ọkọ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn onílù ni, àwọn ìyá Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, àti ọmọdé tó ń sáré láàárín wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún mítà yìí ṣe náà tún léwu. Wáyà kan ló ń ti ẹnu kọ́ìlì lọ sí ẹ̀yìn mítà, irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ níyà ló sì ń gbà kọjá. Mo ti rí i tí wọ́n kàn lu ihò, tí wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́ láìfi rọ́bà sí i lẹ́nu. Irin á máa họ wáyà náà díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá họ tán, tó kan bọ́dì, kò ní sí iná fún púlọ́ọ̀gì mọ́, ẹ́ńjìnnì á kú lójijì. Ẹ fojú inú wo ìyẹn lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ epo lẹ́yìn yín. Bí sitíárì bá jẹ́ oní-páwà, á le lọ́wọ́ yín. Bíréèkì náà, ẹ lè rí i tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kó tó di òkúta mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má fa kọ́kọ́rọ́ yọ, torí sitíárì lè tì pa. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, kí ẹ darí ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tó ṣì ń yí.

Wáyà tó ń gbé iná wá fún mítà náà ńkọ́? Bí wọn ò bá fi fíúùsì sí i, tó sì kan irin, pupa ló máa pọ́n. Ẹ má gbàgbé pé rọ́bà epo kabúrétọ̀ kò jìnnà síbẹ̀, àti pé rọ́bà náà ti dàgbà.

Mo tún ń kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú gáréèjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Èéfín tó máa pa yín kò ní àwọ̀, kò sì rùn. Irú èyí tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa odindi ìdílé mọ́jú ni. Ẹ bọ́ agbádá àti ṣéènì ọrùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí fáànù tó ń yí. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ fi igi há táyà. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà ńlá tó ti orí kọ́ìlì lọ sí dísítíríbútọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: iná ibẹ̀ lè ju 20,000 fóòtì lọ.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń ní etí àwọn ni mítà àwọn. Mo bọ̀wọ̀ fún etí wọn, ṣùgbọ́n etí tó lè gbọ́ nọ́ọ̀kì lè má lè ya 900 sọ́tọ̀ kúrò lára 1,350 lórí ẹ́ńjìnnì tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí mẹkáníìkì yín wá mítà ìdánwò tó ṣeé gbé lọ́wọ́, kí ó so ó mọ́ ọkọ̀, kí ó fi nọ́ńbà méjèèjì wéra. Bí wọn ò bá bára mu, wáyà bọ́dì ni kó kọ́kọ́ wò, bóyá ó ti dípẹtà. Kó wo ẹ̀yìn mítà náà, torí àwọn mìíràn ní ibi tí wọ́n ti ń yí i sí mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Kó bèèrè bóyá ẹnì kan ti yọ kọ́ńtáàkì pọ́ìǹtì àtijọ́, tó fi ti ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mítà Smiths inú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1960 sí 1970 kì í gba irú ìyẹn. Abẹ́rẹ́ wọn á máa fò kiri tàbí kó kú síbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn yẹn: nínú àwọn kan lára wọn, iná tó ń lọ sí kọ́ìlì ń gba ẹ̀yìn mítà kọjá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má kàn já wáyà wọn.

Nínú àwọn ọkọ̀ yòókù, títí mítà tó bá ẹ́ńjìnnì mu yóò fi dé, kí réwáyà tú wáyà náà kúrò lẹ́nu kọ́ìlì, kó fi tépù dì í, kí abẹ́rẹ́ sùn sórí òdo. Ọkọ̀ á rìn láìsí i. Lẹ́yìn náà kí ó fi mítà ìdánwò dá ẹ́ńjìnnì padà sí iye tó yẹ kó máa yí, lójú yín, kí ọkọ̀ tó kúrò nínú ọgbà. Bó bá ní kí ẹ ṣì máa wà á lọ bẹ́ẹ̀, pé òun á yanjú ẹ̀ lẹ́yìn ọdún, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.