Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ kíkọ́ni, ìbáà ṣe tíṣà, pásítọ̀ tàbí òbí, kó ro òwe yìí dáadáa.

Ní nǹkan bí ọdún 635, Oswald, ọba Northumbria ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ránṣẹ́ sí àwọn mọ́ńkì Írẹ́lándì tó wà ní erékùṣù Iona pé kí wọ́n wá wàásù fún àwọn èèyàn òun. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rán le koko. Kò rí èrè kankan, ló bá padà sílé, ó ní alágídí ni àwọn èèyàn náà, wọn ò gbẹ̀kọ́. Níbi tí àwọn àgbà ti ń gbìmọ̀, mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Aidan dá sí i. Ó ní ó dà bíi pé oníwàásù ló le jù, pé wàrà ló yẹ kó kọ́kọ́ fún wọn. Gbogbo ojú yí sí Aidan. Wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kó lọ.

Àwọn èèyàn kan náà tí kò gbọ́ ti ẹni àkọ́kọ́ ló gba Aidan. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ bá ń wò ọ́ dùù, má tíì pè wọ́n ní olódo.

Aidan ò gbọ́ èdè wọn dáadáa. Oswald, tó ti kọ́ èdè Írẹ́lándì nígbà tó sá kúrò nílé, ló ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Ọba fúnra rẹ̀! Ẹsẹ̀ ni Aidan fi ń rìn, kó lè bá ẹni tó bá pàdé lọ́nà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ọba mìíràn tó ń jẹ́ Oswin fún un lẹ́ṣin; ó fi tọrẹ fún alágbe, tòun ti gàárì. Inú bí ọba. Aidan bi í pé ṣé ọmọ abo ẹṣin ṣeyebíye lójú rẹ̀ ju ọmọ Ọlọ́run lọ ni. Ọba, tó ti oko ọdẹ dé, ń yáná lọ́wọ́. Ó ro ọ̀rọ̀ náà, ó tú idà rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Owó tí àwọn olówó bá fún Aidan, ó fi ń ra ẹrú sílẹ̀ ni, ó sì kọ́ púpọ̀ nínú wọn di àlùfáà. Bede tó kọ ìtàn rẹ̀ ò fara mọ́ bó ṣe ń ka ọjọ́ Àjíǹde, síbẹ̀ ó yìn ín pé ohun tó fi ń kọ́ni ló ń ṣe. Aidan kú ní ọdún 651.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí ìlú onílùú, jọ̀wọ́, wá ẹni tó gbọ́ èdè ibẹ̀ kó dúró tì ọ́, sì máa fẹsẹ̀ rìn láàárín wọn kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí.