Nígbà Tí Ọwọ́ Àgbà Kò Tó Pẹpẹ

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí pẹpẹ a máa ga ju àgbà pàápàá lọ, tí ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Alárè, tí ó ti ń rin ewùrà ìkọ́kọrẹ́ láti kékeré, tí ó ti yan gààrí títí kò fi mọ iye àpò rẹ̀ mọ́, yóò ti ilé ìwòsàn dé lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ, tí kò sì ní lè na ọwọ́ mú àwo lórí pẹpẹ tirẹ̀, áḿbọ̀sì kí ó gbé apá sẹ́yìn orí so gèlè.

Kí ẹnikẹ́ni má wá ọ̀tá kiri nítorí èyí. Ọ̀bẹ oníṣègùn sábà máa ń kọjá ọmú dé abíyá, láti kó àwọn kókó kéékèèké tí ń sẹ́ omi ara, nítorí ibẹ̀ ni àrùn náà ń gbà tàn kálẹ̀. Láyé Halsted, oníṣẹ́-abẹ Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọn a gé iṣan àyà mọ́ ọmú. Lóde òní wọ́n sábà ń dá iṣan ńlá náà sí. Síbẹ̀ ojú ọgbẹ́ a máa fà, èjìká a máa gan, inú apá a máa kú tipiri, omi sì lè dá sí apá títí òrùka kò fi ní wọ ìka mọ́.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ìfẹ́ ni a fi ń ba irú apá bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ọmọ a gba ọmọrí odó, ìyàwó ilé a gba ìgbálẹ̀, gbogbo wọn a ní, “Ẹ jókòó, Màmá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan.” Apá tí a gbé pamọ́ bí ẹyin, bí awọ tí a sá sóòrùn ni í gan.

Kì í ṣe pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí gúnyán o. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láti ọjọ́ kejì iṣẹ́-abẹ, bí dókítà bá ti gbà, kí ó máa pa ìka dé kí ó sì máa tú u, kí ó máa ká ìgúnpá, kí ó máa ya irun ara rẹ̀, láì gbé apá kọjá èjìká títí wọn yóò fi yọ rọ́bà tí ń fa omi ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó dojú kọ ògiri, kí ó fi ìka gùn ún bí alángbá, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ó dé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Wọ́n máa ń ní apá tí ó bá ti wú, tàbí tí ó lè wú, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù mọ́. Ní 1996, dókítà Don McKenzie kó obìnrin 24 tí ó ti la àrùn náà já sínú ọkọ̀ ojú omi ní Vancouver, Kánádà, kí wọ́n máa fi àjẹ̀ wà á (àwọn ará wa ní Ìjẹ̀bú etí ọ̀sà yóò rẹ́rìn-ín), apá wọn kò sì wú bí a ti ń bẹ̀rù. Ní 2009, Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àbọ̀ jáde lórí obìnrin 141 tí apá wọn ti wú: àwọn tí ń gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí a ń fi kún un ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lójú olùkọ́, apá wọn kò wú ju ti àwọn tí kò gbé e lọ, agbára wọn sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n apá tí ó bá pọ́n, tí ó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ni kí ẹni tí ó ni ín gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìtìjú kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ béèrè ìrànlọ́wọ́. Betty Anyanwu-Akeredolu, tí ó di aya gómìnà Òǹdó lẹ́yìn náà, kò fi àrùn tirẹ̀ pamọ́. Ní 1997 ni ó dá BRECAN, ẹgbẹ́ tí ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọmú, sílẹ̀. Ṣágámù kò jìnnà sí wa, àwọn onífisió, tí ń kọ́ni bí a ṣe ń na irú apá bẹ́ẹ̀, sì wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ níbẹ̀.

Bí ọjọ́ kẹta Iléyá bá sì pé, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí Ìjẹ̀bú, ń múra ọdún Ojúde Ọba, ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí Màmá so gèlè fúnra rẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ẹ dúró dè é.