Gun Alùpùpù Rẹ Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi, Àbúrò Mi

Àbúrò mi tó ń gun alùpùpù nílùú ọba, tí ọkàn rẹ ń fà sí àwọn òkè Sípéènì, gbọ́ tèmi: ó ṣe é ṣe, kò sì le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé ìwọ àti alùpùpù rẹ. Ohun tó o bá ṣe kó o tó wọ̀ ọ́ ló ṣe pàtàkì jù.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni Portsmouth sí Santander, ti Brittany Ferries. Lóòótọ́, Dover sí Calais kò ju nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ, àmọ́ láti Calais, ìrìn tó lé ní 1,000 kìlómítà ló ṣì kù kó o tó dé Santander. Ẹ̀yìn àti ìdí rẹ á mọ̀ ọ́n lára! Èmi yan oorun orí omi. Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ dán an wò lópin ọ̀sẹ̀, Calais ti tó.

Kó o tó sanwó, wo páásípọ́ọ̀tù rẹ. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà wa ni, físà Schengen ni kó o kọ́kọ́ wá o. Ìwé ìgbélùú UK kò lè rọ́pò rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti Britain, kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 10 tí wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́ tó o máa wọlé, ó sì gbọdọ̀ ṣì lo oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tó o máa kúrò.

Ojúlówó V5C, ìwé ọkọ̀ rẹ, ni kó o mú dání, má mú ẹ̀dà. Pe àwọn adójútòfò rẹ, kó o bi wọ́n bóyá wọ́n á san owó alùpùpù tìrẹ gan-an tí nǹkan bá ṣe é lókè òkun, àti ta ni yóò wá gbé e tó bá kú sójú ọ̀nà. Ra sítíkà UK, lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. GB àtijọ́ ò jẹ́ mọ́ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Sípéènì sì fẹ́ rí sítíkà yẹn kódà bí UK bá ti wà lára nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ.

Ó yá, irun! Má di ṣùkú. Ó yẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè orí ló ń kó jọ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣíborí máa tẹ̀, orí á ti máa fọ́ ẹ kó o tó dé èbúté. Kọ́lẹ́sẹ̀ ni kó o dì, kó tẹ́ pẹrẹsẹ wá sí ìpàkọ́. Fi fìlà sátíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kó o tó dé àṣíborí. Mo fẹ́ràn ẹ̀ṣọ́ jù, torí náà gèlè kékeré kan máa ń wà nínú àpò mi: tí mo bá ti bọ́ àṣíborí, mo wé e, mo kun ètè díẹ̀, mo sì wọ ilé oúnjẹ ọkọ̀ bí ìyá ìyàwó.

Ibi tó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù rèé, inú ọkọ̀ níbi tí wọ́n ń kó mọ́tò sí. Irin ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó sábà máa ń tutù, epo sì lè ta sí i. Jíà kìíní ni kó o fi wọlé, jẹ́jẹ́. Má tẹ bíréèkì iwájú lójijì, má sì yà lójijì. Ojú rẹ kó wà lára ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ń júwe. Tó o bá dúró, pa ẹ́ńjìnnì, fi í sílẹ̀ sínú jíà kìíní, gbé e lé sitáńdì ẹ̀gbẹ́. Pa aláàmù rẹ̀ náà, torí mímì ọkọ̀ lè jẹ́ kó máa ké títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ó wá kan okùn. Nínú ọkọ̀ kan, òṣìṣẹ́ ló máa dè é; nínú òmíràn, wọ́n á na okùn sí ẹ. Èyí ó wù kó jẹ́, má kúrò níbẹ̀. Mo ní táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan tó jẹ́ tiṣẹ́ yìí nìkan: mo ká a sórí ìjókòó kí okùn má bàa ha á. Okùn á gba orí ìjókòó, á há mọ́ ilẹ̀ lápá méjèèjì. Fà á títí sípíríǹgì á fi rì díẹ̀, kó má rì tán. Wá gbá alùpùpù náà mú, kó o mì í. Bó bá ń jó lábẹ́ okùn, tún un dè. Bó bá jẹ́ ìwọ ló ń mì, tí òun dúró gbọin, máa lọ jẹun.

Àmọ́ kó o tó lọ, mú àpò kékeré rẹ dání, torí tí ọkọ̀ bá ti ṣí, wọ́n á ti ibẹ̀ pa títí ẹ ó fi gúnlẹ̀. Aṣọ oorun, búrọ́ọ̀ṣì, oògùn, ṣájà, páásípọ́ọ̀tù: gbogbo wọn pátá. Ya fọ́tò nọ́ńbà àjà náà àti àtẹ̀gùn tó o gbà gòkè.

Gba yàrá o. Òkun Biscay lè ru gan-an; yàrá tó wà láàárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, ló ń mì díẹ̀ jù. Oògùn èébì, kí ọkọ̀ tó ṣí ni kó o lò ó. Mo máa ń jẹ ata ilẹ̀ lẹ́nu pẹ̀lú. Ẹran díndín ńkọ́? Fi í sílé, àbúrò mi. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbé ẹran tàbí wàrà láti Britain wọ Yúróòpù.

Tó o bá sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni kó o máa gbà. Bó bá jẹ́ ilé lo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, ara rẹ á tètè rántí, torí ọ̀tún là ń gbà ní Nàìjíríà láti oṣù kẹrin ọdún 1972. Ní ráńdábáọ̀tù, òsì ni kó o kọ́kọ́ wò. Ibi téèyàn ti ń gbàgbé jù ni ẹnu ọ̀nà ilé epo láàárọ̀ kùtù, tí kò sí ọkọ̀ kankan lójú títì tó lè tẹ̀ lé. Mo máa ń so òwú pupa mọ́ ọrùn díńgí ọ̀tún nítorí ìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo eré, mo lẹ tẹ́ẹ̀pù funfun kan, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i: 50 jẹ́ 31, 90 jẹ́ 56, 120 jẹ́ 75. Kìlómítà ni wọ́n kọ sójú ọ̀nà lọ́hùn-ún, máìlì ló wà lára alùpùpù rẹ.