Ilé Ìtẹ̀wé Tí Kò Ní Irin
Ní ọdún 1859 ni Alùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1867, Ìfọ́lé ba ilé ìtẹ̀wé náà jẹ́, ìwé náà sì dákẹ́.

Lónìí, ọ̀fẹ́ ni Linux àti WordPress tí a fi ń gbé ìròhìn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí kọ̀ǹpútà tí Linux ń darí, a ó kọ́kọ́ fi Apache, PHP àti MariaDB sí i. A ó pèsè àyè ìkọ̀rọ̀pamọ́ nínú MariaDB, a ó sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí tì í. Lẹ́yìn náà ni a ó tú WordPress síbi tí Apache ń wò, tí a ó sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí náà lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ kò tí ì parí. Ẹ máa ṣe àdàkọ gbogbo rẹ̀ sí ibòmíràn, nítorí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú a máa bàjẹ́. Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.