Àìrìnpọ̀ Ejò

Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ tuurutu bọ̀ lẹ́yìn wọn, ta ni yóò dúró? Mi ò tíì rí òwe tó bá eré Pokémon mu tó èyí. Láti ọdún 1996 tí Satoshi Tajiri àti ilé-iṣẹ́ Game Freak ti gbé géèmù náà jáde ní Jàpáànì ni tọmọdé tàgbà ti ń kó àwọn abàmì ẹranko inú rẹ̀ jọ. Kíkó wọn jọ fún ìgbádùn kò ní òfin. Èyí tó bá wu olówó ló ń ra. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kó mẹ́fà lọ sójú agbo ìdíje gbọ́dọ̀ ronú bí ẹni tó pa òwe ejò yẹn ṣe ronú. Òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ tún òwe náà gbọ́. Ejò mẹ́ta ló dárúkọ, ìrìn wọn ò sì jọra. Ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan ń tẹ̀ lé e, èyí tó wúwo jù ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ọká mẹ́fà ni wọ́n ń kó jọ: mẹ́fà tó lágbára, mẹ́fà tó fẹ́ ṣíwájú, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ ohun tí yóò ṣe fún èkejì.

Nínú ìdíje àgbáyé tí wọ́n ń pè ní VGC, méjì-méjì ni wọ́n ń jà, méjì tìrẹ, méjì ti alátakò, lójú agbo lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ mẹ́fà lo máa fi sílẹ̀. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á rí mẹ́fà ara yín, oníkálukú á sì fa mẹ́rin yọ. Bó ti wù kí o tọ́ wọn dàgbà tó, ipele 50 ni gbogbo wọn á ti jà. O ò gbọdọ̀ mú oríṣi kan náà méjì, méjì nínú wọn ò sì gbọdọ̀ di irú ohun kan náà mọ́wọ́. Ohun ìjà mẹ́rin péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Nítorí náà, kí o tó béèrè bí ẹranko kan ṣe lágbára tó, kọ́kọ́ béèrè ohun tí yóò ṣe fún ẹni tó bá dúró tì í.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nílùú Washington, Se Jun Park, ọmọ Gúúsù Kòríà, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Garchomp wà nínú ikọ̀ rẹ̀, Gyarados náà wà níbẹ̀, àwọn tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù. Pachirisu wá wà láàárín wọn, ọ̀kẹ́rẹ́ funfun kékeré tí kò ga tó ìdajì mítà, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kílò 3.9 lọ. Bí a bá ro ẹ̀mí rẹ̀, agbára rẹ̀, ààbò rẹ̀ àti eré sísá rẹ̀ pọ̀, 405 ni. Ti Garchomp jẹ́ 600. Ẹni tó bá ń fi agbára nìkan díwọ̀n kò ní í mú un.

Kí ló wá wá síbẹ̀? Ẹ̀yà omi àti ẹ̀yà ẹyẹ ni Gyarados, mànàmáná sì ń pa ẹ̀yà méjèèjì lára, nítorí náà ìlọ́po mẹ́rin ni ìyà tí mànàmáná fi ń jẹ ẹ́. Pachirisu ní ẹ̀bùn àbínibí kan, Volt Absorb: bí wọ́n bá fi mànàmáná lù ú, ńṣe ni ara rẹ̀ ń yá sí i. Ó tún mọ Follow Me, èyí tó fi ń pe ìjà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí ọ̀tá bá jù sí ẹnikejì rẹ̀ nìkan, òun ni yóò bà. Park tọ́ ọ kó lè gba ìlù, ó sì fi èso Sitrus lé e lọ́wọ́ kó lè fi wo ara rẹ̀ sàn lójú ìjà. Jeudy Azzarelli, ọmọ Amẹ́ríkà, ló bá a kò lójú ní àṣekágbá. Nígbà tí Pachirisu ń gba ìyà tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ráyè ṣe iṣẹ́ wọn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí tán, tó wá sáré fi Pachirisu sínú ikọ̀ tí kò ní ohunkóhun tó ń bẹ̀rù mànàmáná, ìdajì ìtàn náà ló gbọ́.

Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mú ọ̀kan, bi í pé kí ló lè pa á, kí o sì wá ẹni tí yóò dí ojú ihò náà. Jẹ́ kí n fi àwọn tó gbajúmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nínú géèmù Scarlet àti Violet, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yà iná ni Incineroar, ẹ̀yà koríko ni Rillaboom, ẹ̀yà omi ni Urshifu tó kọ́ ìjà Rapid Strike. Omi ń pa Incineroar lára, kì í rí Rillaboom gbé ṣe. Iná ń jó Rillaboom, Urshifu ò kà á sí. Koríko ń pa Urshifu lára, Incineroar á fi ara gbà á. Ọ̀rọ̀ náà ò sì tán síbẹ̀. Incineroar ń bẹ̀rù ẹ̀yà ilẹ̀, àgàgà Earthquake. Ṣùgbọ́n bí Rillaboom bá ti wọlé, koríko tútù á bo gbogbo pápá, Earthquake á sì pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ lára ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Incineroar náà, bó bá wọlé, ìbẹ̀rù rẹ̀ á mú kí ìlù ọwọ́ àwọn méjèèjì tó dojú kọ ọ́ dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìrànwọ́ bí irú èyí, tí wọ́n ń ṣe láìtíì lu ẹnikẹ́ni, ni mo fi ń mọ ikọ̀ tí wọ́n fi ọpọlọ kọ́.

Síbẹ̀, mẹ́ta yìí ní àbùkù tó yẹ kí o rí. Ìlù ọwọ́ ni gbogbo wọn gbójú lé. Bí ọ̀tá náà bá mú Incineroar tirẹ̀ wá, agbára Incineroar àti Rillaboom rẹ á wálẹ̀. Urshifu nìkan ló yọ nínú rẹ̀, nítorí gbogbo ẹ̀ṣẹ́ Surging Strikes ló ń balẹ̀ síbi tó ti dùn ún jù, ìdẹ́rùbà kì í sì í dín irú ẹ̀ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kù. Ìdí nìyí tí ẹnì kẹrin fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí agbára rẹ̀ kò sí lọ́wọ́, tó ń jà láti òkèèrè. Flutter Mane yẹ síbẹ̀ dáadáa: ó yára, ó ń jóni lára, àmọ́ ara rẹ̀ kò lè gba ẹ̀ṣẹ́. Ìbéèrè yẹn ti tún dé nìyẹn: ta ni yóò bò ó?

Ọ̀rọ̀ eré sísá ni mo fẹ́ kí o jókòó tì jù, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ń gbójú fò. Bí ìwọ àti ọ̀tá bá lè pa ara yín ní ẹ̀ṣẹ́ kan, ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ ló là á já. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí i padà pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ló ṣe pàtàkì jù. Tailwind ni èkíní, ìjì àtẹ̀yìnwá tó ń sọ eré gbogbo ikọ̀ rẹ di ìlọ́po méjì fún ìyípo mẹ́rin. Tornadus mọ̀ ọ́n, ẹ̀bùn àbínibí Prankster sì ń jẹ́ kó ta á kí ọ̀pọ̀ tó gbéra. Èkejì ni Trick Room, tó ń dojú gbogbo rẹ̀ dé fún ìyípo márùn-ún: ẹni tó lọ́ra jù ni yóò ṣíwájú. Níbẹ̀ ni Torkoal, ìjàpá oníná tí eré rẹ̀ lè kéré tó 22, ti ń sun àwọn tí eré wọn lé ní 150 ráúráú kí wọ́n tó jí. Òjòlá tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn ti wá di aṣíwájú.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Ní ipele 50, ibi tí eré Flutter Mane lè dé jù ni 205. Bí o bá ní Tailwind, ẹni tí eré rẹ̀ jẹ́ 103 á di 206, á sì ṣíwájú rẹ̀. Bí òun nìkan lo bá fẹ́ ṣíwájú, ohun tó bá lé lórí 103, o ti fi ṣòfò. Kó o lọ sínú ẹ̀mí tàbí ààbò. Ṣùgbọ́n bí Flutter Mane náà bá di Booster Energy mọ́wọ́, eré rẹ̀ lè di 307, ìwọ náà á sì nílò 154. Èwo lo máa múra sílẹ̀ fún? O ò lè múra fún gbogbo rẹ̀, nítorí 510 ni gbogbo àmì tí ẹranko kan lè gbà nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ibì kan ṣoṣo kò sì gbọdọ̀ gbà ju 252 lọ. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹni tó wà fún. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé tí eré Rillaboom rẹ fi jẹ́ iye tó jẹ́, kí o lè dárúkọ ẹni tó fẹ́ ṣíwájú.

Má sì ṣe da ọ̀nà méjèèjì pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ikọ̀ tí ìdajì rẹ̀ ń dúró de Tailwind, tí ìdajì ń dúró de Trick Room, kì í rí mẹ́rin tó mọ́yán lórí fà yọ. Yan ọ̀kan, kí o wá ohun tí o máa fi dí èkejì lọ́nà. Fake Out tí Incineroar àti Rillaboom mọ̀ lè dá ẹni tó fẹ́ gbé Trick Room kalẹ̀ dúró fún ìyípo kan, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ ẹ̀yà iwin, torí ìyẹn kò ní í bà á.

Ní ti ohun ìjà, èyí tó dájú ni mo fọwọ́ sí. Agbára Hydro Pump tó 110, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, ọgọ́rin ló ń bà. Bí o bá nílò kó bà lẹ́ẹ̀mejì léra, ó ti di 64. Fire Blast pẹ̀lú Flamethrower náà nìyẹn, 85 sí 100. Àfi bí o bá ṣírò rẹ̀, tí o rí i pé 110 á pa ọ̀tá kan tí 90 kò lè pa, mú èyí tí kì í tàsé.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ní àwọn ìdíje ńlá ti Scarlet àti Violet, wọ́n ń fún alátakò rẹ ní ìwé tó fi ohun ìjà, ẹ̀bùn àbínibí àti ohun tó wà lọ́wọ́ ẹranko rẹ kọ̀ọ̀kan hàn, wọ́n sì ń fún ìwọ náà ní tirẹ̀. Nọ́ńbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú ìwé náà. Ikọ̀ tó gbójú lé ìyàlẹ́nu nìkan ti tú síta kó tó jókòó. Ohun tó kù fún ọ ni ìmúrasílẹ̀: jókòó nílé, kọ irú ikọ̀ tí o lè bá pàdé sílẹ̀, àwọn olójò tó ń tẹ̀ lé Pelipper, àwọn olóòrùn, àwọn oní-Trick Room, àwọn oní-Tailwind. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ mẹ́rin tí o máa mú lọ àti méjì tí yóò kọ́kọ́ jáde. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí mẹ́rin kan náà bá jáde lábẹ́ gbogbo wọn, mẹ́rin lo ní, o kàn ń gbé méjì kiri ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe àdàkọ. Ẹnì kan gba ife, lọ́jọ́ kejì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti ń lo ikọ̀ rẹ̀. Mi ò bá wọn jà, nítorí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ wo ọwọ́ ọ̀gá. Àmọ́ ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Ray Rizzo gba ife àgbáyé léraléra ní 2010, 2011 àti 2012. Òfin 2011 kò gba ẹranko kankan láyè bí kò ṣe àwọn tuntun inú géèmù Black àti White, nítorí náà kò sí ẹyọ kan nínú ikọ̀ 2010 tó lè tẹ̀ lé e lọ. Ó kọ́ òmíràn láti ìpìlẹ̀, ó sì tún borí. Bí o bá máa lo ikọ̀ ẹlòmíràn, tú u palẹ̀ kọ́kọ́: kí ló dé tí èyí fi di nǹkan yìí mọ́wọ́, ta ni eré yìí wà fún, ta ló ń bo ta ni?

Àìní Nintendo Switch kì í ṣe àwáwí mọ́. Pokémon Showdown wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, o sì lè kọ ikọ̀ tuntun níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìrọ̀rùn yẹn náà ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Wọ́n á pàdánù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ òmíràn, tí wọn ò sì ní í mọ èyíkéyìí dójú àmì. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá pàdánù, kọ orúkọ ohun tó pa ọ́ sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí orúkọ kan náà bá ń jáde ṣáá, wo ẹni tí o kì í sábà fà yọ, yọ òun nìkan, kí o fi ẹni tó lè kojú orúkọ yẹn rọ́pò rẹ̀, kí o sì padà sójú agbo.